Bàbá Bírò Pupa

Ọjọ́ tí Bàbá Bírò Pupa jókòó lé bébà oníbàárà ni gbogbo ilé ìtẹ̀wé ń rántí jù. Olówó kan fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù ìwé àti bírò, ó sì kọ "stationary" sínú ìpolówó rẹ̀, ó fi "a" síbi tí "e" yẹ kó wà. Bàbá, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kíka gbogbo ìwé kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, ní ohun tí kì í kúrò lójú kan ni ọkùnrin náà kọ.

"Èmi ni mo ni ṣọ́ọ̀bù mi," ni olówó wí.

"Òótọ́ ni, sà. Mo sì mọ̀ pé kò lè rìn. Ṣùgbọ́n ṣé ìyẹn náà la ó máa polówó?" Kò dìde títí ọkùnrin náà fi gbà.

Ìwé atúmọ̀ èdè rẹ̀ ti gbó débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, síbẹ̀ ohun tó bá sọ ni abẹ gé. Nítorí rẹ̀ ni Bàbá ṣe ń kọ "shew" dípò "show".

"Wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́," ni ọ̀gá ẹ̀rọ, tí wọ́n ti jọ ń ṣe awuyewuye láti ọgbọ̀n ọdún, máa ń sọ.

"Ta ni wọ́n? Ṣé wọ́n fi tó mi létí kí wọ́n tó pa á tì?"

Ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo kò bọ́ lọ́wọ́ bírò náà. Ó kọ lẹ́tà láti iléèwé pé ibà dá òun wó. Àárọ̀ ni lẹ́tà dé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, Bàbá ti gbé e padà lọ bá a níléèwé fúnra rẹ̀, ó ti fi yíǹkì pupa yí àṣìṣe mẹ́sàn-án po, oògùn ibà sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. "Lo èyí," ó ní, "kí o tún ìyẹn kọ."

Nígbà tí Bàbá kú, tí ìsìnkú ku ọ̀la, ọ̀gá ẹ̀rọ kọ̀ láti tẹ ìwé ìsìnkú rẹ̀, tí ìtàn ayé rẹ̀ wà nínú rẹ̀.

"Kò sí 'Mo ti kà á' nígun rẹ̀," ó ní. Ohun tí Bàbá fi ń buwọ́ lu iṣẹ́ nìyẹn. Láìsí i, ẹ̀rọ kì í yí.

"Ṣé bàbá mi ni yóò dìde wá kà á ni, sà?"

"Ìwọ ni, ọmọ mi. Bó ṣe ń kà á ni kí o kà á."

Ẹ̀rù ba ọmọbìnrin náà. Bí àṣìṣe kan bá wọ ìwé yìí nínú gbogbo ìwé ayé, kò ní dárí ji ara rẹ̀. Ó mú bírò pupa náà. Láti ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ni Bàbá ti máa ń kàwé padà sókè, kí adùn ọ̀rọ̀ má baà tan òun jẹ, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe. Wọ́n sin Bàbá, Bàbá kú, ó ṣàìsàn, ó ń ṣiṣẹ́ nílé ìtẹ̀wé. Ló bá kan "shew". Ọ̀gá ẹ̀rọ ló tò ó síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé wọn kì í kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ọ̀gá ẹ̀rọ ń wo ẹ̀rọ rẹ̀. "Ta ni wọ́n?"

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, àárò bàbá rẹ̀ sì sọ ọ́ gan-an. Kò fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ náà. Ó ń kà á lọ sókè: Bàbá gbéyàwó, ó wọ iléèwé, ó kọ́ ìrìn. Nígbà tó dé ìlà àkọ́kọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí i ni. Ibẹ̀ ló ti kọ "Mo ti kà á" sí igun bébà, ọ̀gá ẹ̀rọ sì tan ẹ̀rọ.