Páìpù Ọ̀fẹ́ Nílé Àbúrò

Owó ara rẹ̀ ni ìyá aránṣọ fi tún páìpù ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ ṣe lọ́dún tó kọjá. Àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ pín ògiri ò ṣe nǹkan kan sí tirẹ̀ tó ń jò, àfi bí ìjọba ṣe wá ń ri tuntun mọ́lẹ̀ fún un lọ́fẹ̀ẹ́.

“Èmi tí mo ránṣọ títí ẹ̀yìn fi ń dùn mí, ọ̀lẹ wá rí i he!”

Ló bá gbé ọkọ́, ó fọ́ páìpù tirẹ̀, ó pe òṣìṣẹ́ ìjọba.

“Tèmi náà ń jò!”

“Màmá, èyí tó ń jò lọ́jọ́ àyẹ̀wò nìkan la ń tún ṣe. Tiyín la kọ pé ó dáa jù ládùúgbò.”

Kó tó dọ̀sán, òórùn ìgbọ̀nsẹ̀ ti lé e kúrò nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó rọra kan ilẹ̀kùn àbúrò rẹ̀.

“Ẹ wọlé, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ti ri páìpù náà tán; ẹ̀yin lẹ máa kọ́kọ́ lo ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mi.”