Abọ́ Ẹni Tó Ń Bọ̀ Lọ́nà

Ní ilé wa ní Èjìgbò, ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kan oúnjẹ àfi bí ìyá bàbá mi bá ti bu ti ẹni tí kò sí nílé. Wọ́n á bù ú sínú abọ́ tánganran kan, wọ́n á fi ọmọrí dé e, wọ́n á ní, "Ti ẹni tó ń bọ̀ lọ́nà nìyẹn."

Àwa tó wà ní Àbíjàn ni wọ́n ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ọlọ́kadà tó bá gbé iṣu wá láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ló sábà máa ń jẹ ẹ́. Wọ́n á fa àpótí ìjókòó wọn súnmọ́ ọn, wọ́n á wò ó títí yóò fi jẹ ẹ́ tán, wọ́n á wá bi í pé, "Ṣé o yó?"

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n pè mí pé ìyá bàbá mi ti kú, mo wọ mọ́tò lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò lè bá ìsìnkú. Kí ìrun Àsárì tó pé, wọ́n ti gbé wọn sin.

Ọjọ́ kẹta ni mo tó wọlé. Àǹtí mi, tó ń tọ́jú wọn, gbé abọ́ náà síwájú mi.

"Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ kẹ́yìn ni pé ká má gbàgbé tìẹ. Ojoojúmọ́ la ń bu tuntun."

Mo jẹ ẹ́ tán. Àpótí wọn wà níwájú mi lófìfo, kò sì sẹ́ni tó bi mí bóyá mo yó.