Ẹjọ́ Tí A Dá Nítorí Lọ́yà Tuntun

Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ ọmọ mi obìnrin ló ń bá mi kọ èyí. Mo ń sọ ọ́, ó ń tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù rẹ̀, fóònù kan náà tó dá gbogbo ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ kóòtù, ẹ wá bi mí. Mo ti jókòó ti ẹjọ́ olè, mo ti jókòó ti ẹjọ́ ẹni tó fi májèlé sínú tíì ẹ̀gbọ́n rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mi, tí mo ń hun ẹní lọ.

Géèmù ni. Ọmọ yìí ti jáde ní sẹ́kọ́ńdírì, ó ń retí ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí yóò gbà á, ló bá padà wá ń gbé lọ́dọ̀ mi ní etí òkun níbí. Lọ́sàn-án, tí a bá ti yan ẹja tán, èmi àti orogún mi a kó koríko ẹní síta, a jókòó, a bẹ̀rẹ̀ sí í hun. Omi ń lọ lábẹ́ wa, nítorí orí òpó ni ilé wa wà bíi ti gbogbo aládùúgbò. Ọmọ yìí a jókòó sáàárín wa, fóònù lọ́wọ́. Níbẹ̀rẹ̀, òun nìkan ló ń ta á. Á rẹ́rìn-ín, á bú adájọ́, á tún rẹ́rìn-ín. Orogún mi ló sọ fún un lọ́jọ́ kan pé, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín lójú àgbà, kó sọ ohun tó pa á lẹ́rìn-ín." Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ fún wa nìyẹn, tó ń yí i sí èdè wa bó ṣe ń kà á.

Bí géèmù náà ṣe rí kò le. Lọ́yà kan wà nínú rẹ̀ tó jẹ́ pé ìwọ tó ń ta á ni ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n á fẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Àwọn ẹlẹ́rìí á jáde, wọ́n á purọ́. Iṣẹ́ tìrẹ ni láti mú irọ́ náà. Tí o bá mú un, wàá tẹ ibi kan, lọ́yà á fọwọ́ gbá tábìlì, á ní, "Mo takò ó!" Tí o bá ṣì í tẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn àbẹ́là tó ń jó lókè á kú. Sùúrù adájọ́ ni àbẹ́là yẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá kú tán, ẹni ẹlẹ́ni á lọ sẹ́wọ̀n.

Àgbà ọkùnrin ni lọ́yà inú rẹ̀ nígbà yẹn, ó ní ikùn díẹ̀. Kó tó sọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ fọwọ́ fa etí. Ọjọ́ tí orogún mi kọ́kọ́ rí i, ó gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ó gbé e súnmọ́ ojú.

Ó ní, "Ìyálé mi, ẹ wò ó. Ẹ sọ fún mi pé kì í ṣe ọkọ wa nìyẹn."

Mo wò ó. Mi ò lè sọ ọ́. Ọkọ wa ti lọ sọ́run láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn. Nígbà ayé rẹ̀, bí èmi tàbí orogún mi bá gbé ọ̀rọ̀ wá síwájú rẹ̀, etí ni yóò kọ́kọ́ fà. Bó bá ti fà á pẹ́, kí o yáa mọ̀ pé o ò ní jàre. Láti ọjọ́ yẹn, a ò pe lọ́yà yẹn ní nǹkan mìíràn mọ́. "Ọkọ wa dà? Ṣé ọkọ wa ti dé kóòtù?" Orogún mi tilẹ̀ máa ń kí i kú iṣẹ́ nígbà tó bá borí. Ọmọ yìí ní kí n má sọ ìyẹn, mo ní kó kọ ọ́.

A borí gbogbo ẹjọ́ inú rẹ̀ tán pátápátá. Ọmọ yìí wá sọ pé tuntun ti jáde. Inú wa dùn. Ó ní ṣùgbọ́n kì í ṣe bàbá yẹn ló wà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin kan ni, lọ́yà tuntun, ó gé irun mọ́lẹ̀, ojú rẹ̀ tóbi. Ó ní ohun mìíràn sì tún wà: àyè ti tán nínú fóònù òun, tuntun ò lè wọlé àfi tí òun bá yọ ti àtijọ́ kúrò.

Orogún mi gbé ẹní tó ń hun kalẹ̀.

"Ta ni yóò yọ ọkọ wa kúrò nílé?"

"Ìyá Kékeré, géèmù ni."

"Mo mọ̀ pé géèmù ni. Mo bi ọ́ pé ta ni yóò yọ ọ́."

Mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo wo ojú rẹ̀, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó yí ojú sí omi, ó ní, "Mo ti sin ín lẹ́ẹ̀kan, Ìyálé mi. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀." Ó dìde, ó wọlé lọ.

Nítorí kó lè tù ú nínú, ọmọ yìí ka ohun tí àwọn tó ti ta tuntun náà ń kọ káàkiri ayé fún wa lọ́jọ́ kejì. Mi ò mọ̀ pé àwọn ènìyàn ń jókòó sílé wọn, tí wọ́n ń bá ara wọn jà lórí irú nǹkan báyìí. Ẹnìkan ní ọmọbìnrin náà ń sunkún jù, pé lọ́yà wo ló ń sunkún ní kóòtù. Ẹlòmíràn ní òun fẹ́ràn rẹ̀, nítorí ó ń bẹ̀rù bíi ènìyàn gidi. Ẹnìkan ní bàbá àgbà yẹn ti di ògbólógbòó, kó fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀dọ́. Obìnrin kan wá kọ ọ́ pé òun ò ní fọwọ́ kan géèmù náà láéláé, pé bàbá àgbà nìkan ni lọ́yà tòun.

Orogún mi gbọ́ ìyẹn láti inú ilé. Ó yọrí síta. "Níbo ni obìnrin yẹn wà?"

"Òkè òkun, Ìyá Kékeré."

"Àṣé ọkọ wa fẹ́yàwó síbẹ̀," ló wí. "Orogún wa nìyẹn."

A rẹ́rìn-ín títí tí koríko ẹní fi bọ́ lọ́wọ́ mi sínú omi. Ṣùgbọ́n ó ṣì kọ̀, kò ní jẹ́ kí wọ́n yọ ọkọ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ wá di ti ẹbí. Àbúrò ọkọ wa ló ń jókòó dá ẹjọ́ ilé báyìí. Bàbá Kékeré là ń pè é. Apẹja ni, òkun ló máa ń lọ láàárọ̀. Níbi tiwa, bí ìyàwó ilé bá ní ẹjọ́, yóò kúnlẹ̀, yóò ro tirẹ̀ dópin, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ọmọdé lè jókòó síbẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lanu àfi tí wọ́n bá pè é. Orogún mi kúnlẹ̀ lóòótọ́, ó ro ẹjọ́ bíi pé ilẹ̀ ni wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà ro tèmi. Mo ní ó ti sú mi láti máa gbọ́ ẹjọ́ tí mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi nínú rẹ̀. Ọmọ yìí ń nawọ́ lẹ́yìn wa. Bàbá Kékeré ní kó gbé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, pé wọn ò tíì pè é.

Lẹ́yìn tó ronú tán, ó ní, "Ìyàwó wa, kò sẹ́ni tí yóò yọ ọkọ rẹ lẹ́yìn rẹ. Ọwọ́ rẹ ló wà. Kí wọ́n fi tuntun sínú fóònù tèmi ná, kí gbogbo wa wo irú ọmọ tó jẹ́."

Ọmọ yìí bá ọkọ̀ ọlọ́jà lọ sí Òde Màhìn, níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti ń dúró dáadáa, ó gbé géèmù náà wálé nínú fóònù Bàbá Kékeré. Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, Bàbá Kékeré ò lọ sókun. Ó ní àwọ̀n òun ya, òun fẹ́ tún un ṣe. Mi ò rí i kó fọwọ́ kan àwọ̀n. Orogún mi jókòó, ó kẹ̀yìn sí wa, ó ń hun ẹní tirẹ̀.

Ẹjọ́ àkọ́kọ́ nìyí. Wọ́n ní ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń ṣe búrẹ́dì jí ẹ̀gbà ọrùn olówó kan. Ẹlẹ́rìí jáde, ó ní òun ti pa iná, òun wà ní yàrá, òun gbọ́ ẹsẹ̀ ènìyàn lẹ́yìn ilé, kìì, kìì, tó ń rìn lọ láti ojú fèrèsé, òun sì rí ẹ̀gbà ọrùn pupa lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo ní, "Dúró. Lẹ́yìn ilé?"

"Bẹ́ẹ̀ ló wí, Ìyá."

"Irọ́ ló ń pa. Ta ló ń rìn lẹ́yìn ilé?"

Bàbá Kékeré ní, "Àfi tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló gbé e. Ọkọ̀ kì í sì í dún kìì. Tẹ̀ ẹ́."

Ọmọ yìí náà, tí wọ́n bí síbí, kò ronú ọ̀nà mìíràn. Ó tẹ̀ ẹ́. Lọ́yà tuntun fọwọ́ gbá tábìlì, ó ní òun takò ó. Adájọ́ ní kí ló rí. Wọ́n bá gbé àwòrán ilé náà síta. Ilẹ̀ gbígbẹ ló yí i ká! Koríko, òdòdó, àga tí wọ́n ń jókòó sí lẹ́yìn ilé. Gbogbo kóòtù ń fi ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. Àbẹ́là kan kú.

Mo ní kó bi ẹlẹ́rìí bóyá omi ti fà lọ́jọ́ náà. Ọmọ yìí ní kò sí ìbéèrè bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Bàbá Kékeré ní kó tún un tẹ̀, pé ẹni tó bá ya àwòrán yẹn lè ti gbàbọ̀dè. Ó tún un tẹ̀. Àbẹ́là mìíràn kú.

Ọmọ yìí wá ń kà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ó ní, 'Ẹ jọ̀ọ́, olúwa mi, mo ṣì jẹ́ tuntun.' Omi ti lé sí i lójú."

Mo ní, "Òótọ́ ni àwọn ará òkè òkun wí. Ẹkún rẹ̀ pọ̀ jù. Bàbá àgbà ò jẹ́ ṣe irú àṣìṣe yìí."

Ẹní orogún mi dá dúró. Ó yí padà pẹ̀lú àpótí tó jókòó lé.

"Ta ló ṣe àṣìṣe? Ẹ̀yin lẹ ní kó sọ ọ́. Ẹ ti ọmọ ọlọ́mọ síta, ẹ ní kó lọ sọ pé omi wà níbi tí omi ò sí, wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ẹ wá ń bú u. Ẹ bì sẹ́yìn jàre."

Bàbá Kékeré ní, "Ìyàwó wa, ṣé kì í ṣe pé o kẹ̀yìn sí wa ni?"

"Etí mi ò kẹ̀yìn." Ó fa àpótí súnmọ́ fóònù. "Ìwọ, tún ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí yẹn kà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Rọra."

Ó kà á. Orogún mi ní kó tún un kà. Bó ṣe ń kà á, orogún mi ń mi orí sí ọmọbìnrin inú fóònù bíi pé ó ń sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ẹ gbọ́. Ó ní òun ti pa iná kí òun tó gbọ́ ẹsẹ̀. Báwo ló ṣe wá rí àwọ̀ ẹ̀gbà ọrùn lọ́wọ́ olè nínú òkùnkùn?"

A wo ara wa. Ọmọ yìí tẹ̀ ẹ́. Ọwọ́ lọ́yà dún lórí tábìlì, ẹlẹ́rìí bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn, adájọ́ dìde lórí àga. Bàbá Kékeré gbé àjẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀, ó fi ń lu pákó ilé. Èmi àti orogún mi ń jó, ilé ń mì lórí òpó, àwọn pẹ́pẹ́yẹ abẹ́ ilé sá jáde sí gbangba omi. Aládùúgbò ké láti òdìkejì pé kí ló dé. Orogún mi dá a lóhùn pé, "Ọmọ wa borí ní kóòtù."

Ọmọ wa ló pè é. Gbogbo wa gbọ́ ọ.

A ta á fún ọjọ́ mélòó kan bẹ́ẹ̀, ìyẹn títí tí Bàbá Kékeré fi nílò fóònù rẹ̀ padà. Géèmù ń jẹ bátìrì rẹ̀, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ sì ti kú sójú òkun lọ́jọ́ kan, kò rí bí yóò ṣe pe ènìyàn. Ó ní kí ọmọ gbé géèmù kúrò nínú tòun sínú tirẹ̀. Kálukú wa wo orogún mi. Ẹ mọ ìdí rẹ̀: àyè kan náà ló wà.

Ó gbé ẹní sílẹ̀. Ó ní kí ọmọ ṣí ti ọkọ wa fún òun. Ó wò ó fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "O ṣeun. O gbìyànjú. Ọmọ ló ń bọ̀, ó nílò yàrá." Ó wá ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ń tẹ̀ han òun, òun fúnra òun ni yóò tẹ̀ ẹ́. Fóònù béèrè bóyá ó dá a lójú. Ọmọ yìí kà á fún un. Orogún mi ní, "Ó béèrè dáadáa." Ó tẹ̀ ẹ́. Ó fi gèlè nu ojú.

Ọmọ yìí wá na ọwọ́ sókè. Bàbá Kékeré ní, "Ó yá, sọ̀rọ̀."

"Ẹ má bínú. Ṣé ẹ mọ̀ pé a lè dá a padà? Ọjọ́ tí àyè bá ṣí sílẹ̀, tí mo bá ti dé Òde Màhìn, ó ń dúró dè wá níbẹ̀. Kò sọnù."

Mo yí padà sí ọmọ yìí.

Mo ní, "Láti ọjọ́ wo lo ti mọ̀?"

"Láti ìbẹ̀rẹ̀, Ìyá. Ohun tí mo ń nawọ́ lé lórí nìyẹn, lọ́jọ́ tí ẹ dá ẹjọ́."

Bàbá Kékeré bo ojú. Gbogbo ẹlẹ́rìí tí a ti gbọ́ nínú géèmù yẹn, ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo tó wà nílé tiwa, a ò pè é. Mo yíjú sí orogún mi, mo rò pé yóò bínú. Ó ń rẹ́rìn-ín, omijé ṣì wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

Ọmọ yìí ní, "Ìyá Kékeré, ṣé kí n gbé Bàbá padà tí mo bá lọ lọ́jọ́ ọjà?"

Orogún mi ronú sí i. Ó fa àpótí rẹ̀ súnmọ́ fóònù.

Ó ní, "Jẹ́ kó sinmi níbẹ̀ ná, ìgbà tí mo ti mọ ibi tó wà. Ka èyí fún mi. Àbẹ́là mélòó ló kù fún ọmọ wa?"