Igi Onígi Tí Mo Yá Wò ní Ongar

Ọmọ ọmọ mi, ilé tí ìyá rẹ rà ní Ongar nígbà tí owó ń ṣàn ní Dublin, ní ilẹ̀ Ireland, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ kò ju ẹní méjì lọ. Ti obìnrin ará Japan tó wà lọ́wọ́ òsì wa náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n tí o bá jókòó síbẹ̀, wàá rò pé inú igbó lo wà.

Ó fi àṣírí rẹ̀ hàn mí. Ó gbin òdòdó kúkúrú síwájú, ó fi ewé bo orí ògiri, igi ńlá tó wà lẹ́yìn ògiri, nínú ọgbà bàbá òyìnbó kan, wá dà bíi tirẹ̀. Ìyá rẹ ló ń túmọ̀: "Ó ní ní Japan, àwọn máa ń yá igi onígi wò ni."

"Ṣé ó ti sọ fún onígi?"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín. "Sọ kí ni? Ṣebí igi ò kúrò níbẹ̀."

Èmi náà bá yá a. Mo to ìkòkò òdòdó, mo gbé bẹ́ńṣì síbi tó yẹ, igi wọlé. Inú mi dùn bí ẹni pé mo jí i gbé.

Àfi bí mo ṣe gbọ́ ìró ayùn lọ́jọ́ kan. Bàbá ń ri òpó mọ́lẹ̀, ó fẹ́ kọ́ yàrá pákó tí yóò máa kó irinṣẹ́ sí, síwájú igi mi gan-an! Òrùlé ni mo fẹ́ máa wò?

Mo se mọ́ínmọ́ín. Ìyá rẹ ní, "Màámi, wọn kì í ṣe báyìí níbí o!" Mo ní kó bọ́ síwájú. Bàbá ṣílẹ̀kùn, mo kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀: "Ẹ ṣé àná o, sà."

Ilẹ̀ ni ìyá rẹ ń wò bó ṣe ń túmọ̀.

"Kí ni mo ṣe lánàá?"

"Igi yín ni. Wọ́n ní àwọn wò ó."

Mo tún lọ lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, bàbá ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó mọ́, ó ń retí mi lẹ́nu ọ̀nà. Mo mú un wá sórí bẹ́ńṣì mi. Ó ní ìyàwó òun tó ti kú ló gbin igi náà, òun kò sì tíì rí i láti ọ̀dọ̀ wa rí. Ó wò ó títí. "Grand," ló sọ, ìyẹn ni pé ó dára gan-an, ó nu imú.

Ó hú òpó rẹ̀, ó gbé yàrá pákó lọ sápá òsì. Ó dí igi mọ́ obìnrin Japan lójú pátápátá. Mo mọ̀ pé yóò dí i o. Mo panu mọ́ ni.

Obìnrin náà wọlé wá. "Kí lẹ fún bàbá yẹn jẹ?"

"Mọ́ínmọ́ín, àti 'Ẹ ṣé àná' tí ìwọ ò kí i." Mo sún fún un, a jọ wo igi.

Nígbà tílẹ̀ mọ́, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Obìnrin Japan ni, ó gbé abọ́ ìrẹsì dání, ó tẹríba díẹ̀. "Ẹ ṣé àná."

Mo ní kó kúnlẹ̀ dáadáa.