Apẹ̀rẹ̀ Àǹtí Hameedah

Àǹtí Hameedah tó ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì wa l'Ájàh, abúlé apẹja létí ọ̀sà ni wọ́n ti tọ́ wọn dàgbà, kí ọ̀nà márosẹ̀ tó débẹ̀. Nílé ìyá wọn, ẹja tí wọ́n bá ti yan tán, inú apẹ̀rẹ̀ ló ń wọ̀.

Lánàá, kọ̀ǹpútà wọn ń falẹ̀, ni wọ́n bá ní kí n bá àwọn wò ó. Mo rí àwòrán apẹ̀rẹ̀ ìdọ̀tí lójú rẹ̀, níbi tí ìwé tí a ò fẹ́ mọ́ ń lọ, ó kún dẹ́nu. Mo da gbogbo ẹ̀ nù.

Àǹtí figbe ta: "Yéè! Samson, iṣẹ́ ọdún méjì!"

Gbogbo ìwé tí wọ́n bá ti tẹ̀ tán, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó o sí!

Mo jágbe: "Àǹtí, ṣé ẹ ò ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ẹ̀ ni?"

"Mo rí apẹ̀rẹ̀, kí ni mo tún fẹ́ kà? Ààtàn ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Irú èèyàn wo ló ń fi apẹ̀rẹ̀ gidi kó ìdọ̀tí?"

Mo tún wo àwòrán náà. Apẹ̀rẹ̀ ni lóòótọ́.