Gáàsì Tó Jò ní Ìlọ́fà

Nígbà tí Sulaiman padà sí Ọ̀sì láti Ìlọrin lọ́dún 1981, lẹ́yìn tó kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe fíríìjì fún ọdún mẹ́fà, inú Sikirat, ìyá rẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ dùn.

"Fíríìjì mélòó ló wà ní Ọ̀sì tí o fẹ́ fi jẹun?" ni Sikirat máa ń bi í.

Sulaiman á kàn rẹ́rìn-ín. Kò ju mẹ́rin lọ lóòótọ́. Ó ń dáko iṣu mọ́ ọn, ó sì kan ìsọ̀ pátákó kan sẹ́bàá títì. Ilé ló ṣáà wù ú láti gbé.

Lọ́dún kejì, lọ́jọ́ Túsìdeè kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é láti ilé ìgbẹ̀bí kékeré kan ní Ìlọ́fà. Nọ́ọ̀sì Leah, tó ti ń gbẹ̀bí níbẹ̀ tipẹ́, ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Sulaiman, fíríìjì yìí ń kùn, ṣùgbọ́n kò tutù mọ́. Abẹ́rẹ́ èéyi tí a fẹ́ gún fáwọn ọmọ ní Tọ́sìdeè ló wà níbẹ̀! Mo ti kó o sínú fúláàsì oníyìnyín, àmọ́ yìnyín ọ̀hún ò lè kọjá ọ̀la."

Sulaiman fọwọ́ kan àwọn páìpù ẹ̀yìn rẹ̀. Wọn ò gbóná rárá.

"Gáàsì rẹ̀ ló ti jò, Mà."

"Gáàsì? Èyí tí wọ́n fi ń dáná?"

"Rárá o. Tí ẹ bá fi sípírítì nu apá ọmọ, ṣebí ó máa ń tutù? Bí sípírítì yẹn ṣe ń gbẹ, ooru ara ọmọ ló ń gbà lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni gáàsì yìí. Bí omi ló ṣe ń wọ páìpù inú fíríìjì. Ibẹ̀ ló ti ń di afẹ́fẹ́, tó ń gba ooru ohun tí ẹ kó síbẹ̀. Ẹ́ńjìnnì á wá fún un pọ̀, á tì í sí páìpù ẹ̀yìn, gáàsì á wá tú ooru náà síta níbẹ̀, á tún di omi padà. Gáàsì kan náà ló ń yí po. Kì í tán, àfi tó bá rí ihò."

Ó fi ìhó ọṣẹ pa àwọn páìpù náà. Níbi tí yìnyín máa ń dì sí, ìhó náà bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Àpá ọ̀bẹ hàn níbẹ̀ kedere.

"Èmi ni," ni Leah wí jẹ́jẹ́. "Yìnyín ló lẹ̀ mọ́ ọn, mo bá fi ọ̀bẹ ha á. Iná ni mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ó bà á jẹ́."

"Èmi náà ṣe é rí, Mà. Fíríìjì ìyàwó ọ̀gá mi sì ni! Omi gbígbóná ni kí ẹ máa gbé sínú rẹ̀, yìnyín á yọ́ fúnra rẹ̀."

Leah bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, Sulaiman jó ihò náà pa, ó fa afẹ́fẹ́ inú páìpù dà nù, ó sì rọ gáàsì tuntun sí i. Nígbà tó fi máa kírun Alásàrì tán, omi inú abọ́ tó gbé sínú fíríìjì náà láti fi dán an wò ti dì gbagidi.

Ní Tọ́sìdeè, àwọn ìyá ọlọ́mọ tò dé ìdí igi máńgòrò iwájú ilé ìgbẹ̀bí náà. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Sulaiman, síbẹ̀ ó wá. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń gbọ́ igbe àwọn ọmọ títí wọ́n fi gún èyí tó kẹ́yìn. Ó wá gun alùpùpù rẹ̀, ó forí lé Ọ̀sì. Ebi ń pa á, inú rẹ̀ sì ń dùn.