Rédíò Ọ̀gá Lámídì àti Jíìpù Mama Nọ́ọ̀sì

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tún bíréèkì mọ́tò ṣe n'Ìbàfò. Bí ẹ bá dé àdúgbò wa tí ẹ béèrè Wàsíù Bíréèkì, ọmọdé pàápàá á mú yín dé ìsọ̀ mi. Mo kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná kí ẹ lè mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, torí ohun tí mo fẹ́ sọ báyìí, ìtìjú wà nínú ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ kan ni. Mo jókòó sínú jíìpù kan tó ti pẹ́ láyé, mo tẹ bíréèkì ẹ̀, ẹsẹ̀ mi sì bá a lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tẹ tìmùtìmù. Ọjọ́ kejì rèé tí mo ti ń fa afẹ́fẹ́ jáde lára bíréèkì yẹn, tí afẹ́fẹ́ ò tán. Sátidé ni wọ́n fẹ́ wá dán jíìpù ọ̀hún wò. Bí kò bá dúró, wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ fún àwọn tó ń ra àlòkù irin.

Mama Nọ́ọ̀sì ló ni ín. Ifọ̀ ni wọ́n ń gbé, iṣẹ́ agbẹ̀bí ni wọ́n sì ṣe títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Jíìpù yìí ni wọ́n ń wà lọ sáwọn abúlé tí ọ̀nà wọn ò dáa, nínú ẹrẹ̀, nínú omi, láti lọ gbẹ̀bí. Nígbà tí ìjọba gbé e síta láti tà á ní gbàǹjo, màmá ló sáré rà á. Jíìpù náà ju èmi gan-an lọ lọ́jọ́ orí. Bíréèkì onídíróòmù ló bá wá sáyé: irin ribiti kan báyìí tó dé bí ìkòkò, inú ẹ̀ ni bíréèkì ti ń ṣiṣẹ́. Bí omi bá ti lè wọ inú ẹ̀ báyìí, àdúrà ló kù.

Ọjọ́ kan báyìí n'Ifọ̀, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, màmá tẹ bíréèkì, jíìpù ò dá wọn lóhùn, ó bá forí wọ ilé ìdáná aládùúgbò. A dúpẹ́, kò sẹ́ni tó fara pa, ìkòkò ẹ̀fọ́ kan ló bá a lọ. Ṣùgbọ́n Bọ̀dé, ọmọ wọn tó ń gbé ní Arepo, gbọ́, ó sì sáré dé.

"Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ ká tà á fáwọn onírin."

"Ta èmi náà pọ̀ mọ́ ọn," ni màmá fi dá a lóhùn. "Àgbà ṣáà ni àwa méjèèjì."

Wọ́n jiyàn títí, wọ́n wá fi àdéhùn sí i. Màmá á wá ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe, Bọ̀dé á sì wá wò ó bó ṣe ń dúró lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bó bá dúró, ẹnu ẹ̀ á pa mọ́. Bí kò bá dúró, màmá á gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, wọn ò sì ní wa mọ́tò mọ́. Nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín wà lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ tí wọ́n fi di kọ́kọ́rọ́ yẹn mú kò rẹ́rìn-ín rárá.

Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo ní a ò ní tún ti àtijọ́ ṣe, a máa pààrọ̀ ẹsẹ̀ fún un ni. Àkísù ni mo ń wí, irin gbọọrọ tó so táyà ọ̀tún pọ̀ mọ́ ti òsì. Mo rí méjì tòkunbọ̀, tiwájú àti tẹ̀yìn, lára jíìpù tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, pẹ̀lú họ́ọ̀bù wọn, ìyẹn ibi tí à ń de táyà mọ́. Bíréèkì onídísìkì ló wà lára wọn: ike kọ́ o, irin pẹlẹbẹ tó ń yí pẹ̀lú táyà ni dísìkì, kálípà á sì gbá a mú látọ̀tún-látòsì bí ìyá tó gbá ọmọ alágídí létí mú. Omi ò lè rí i gbé ṣe.

Mo fi okùn wọn ìbú àkísù náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ṣakírù tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ mi bá mi sún ibi tí sípíríǹgì ń jókòó sí. Ó bọ́ síbẹ̀ wẹ́kú! Inú mi dùn, mo ń súfèé kiri. Ìgbà tó wá ku bíréèkì nìkan, tí gbogbo ayé fi ń pè mí ní Wàsíù Bíréèkì, ibẹ̀ ni nǹkan ti dàrú.

Bí òróró bíréèkì bá wà nínú páìpù láìsí afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ yín á le lórí ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ kékeré bá wà níbẹ̀, ẹsẹ̀ á máa rì. Torí náà, ẹnì kan á máa tẹ bíréèkì, ẹlòmíì á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré kan lára kálípà kí afẹ́fẹ́ lè jáde. Màmá fúnra wọn ló ń tẹ̀ ẹ́ fún mi. Láàárọ̀, wọ́n á ti Ifọ̀ wọkọ̀ dé, wọ́n á gun orí jíìpù, wọ́n á ní, "Ó yá, dókítà."

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, mà!"

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

"Ẹ dì í mú!"

"Mo dì í mú. Ó tún ti rì."

A ṣe bẹ́ẹ̀ títí ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Inú bí mi. Mo ní òróró tí wọ́n tà fún mi ò dáa. Mo ní Ṣakírù ló da iná sí páìpù mi. Ṣakírù ní òun ò tilẹ̀ dé ìdí páìpù. Mo ní kó pa ẹnu ẹ̀ dé. Àní mo bá oòrùn pàápàá wí lọ́jọ́ yẹn.

Màmá sọ̀ kalẹ̀ láti na ẹsẹ̀. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wo ìdí táyà iwájú.

"Wàsíù, ibo ni afẹ́fẹ́ yìí ń gbà jáde?"

"Nọ́ọ̀tì kékeré yìí ni, mà."

"Kí ló dé tó dojú kọ ilẹ̀?"

Mo tẹ orí wọ ìdí táyà láti wò ó.

"Bí mo bá fa oògùn sínú abẹ́rẹ́," ni wọ́n ní, "mo máa ń kọjú ẹ̀ sókè ni, kí n tó ti afẹ́fẹ́ jáde. Òkè ni afẹ́fẹ́ ń sá lọ. Àbí ti mọ́tò yàtọ̀?"

Yéè! Kò yàtọ̀. Kálípà ọ̀tún àti tòsì jọra bí ìbejì. Èmi Wàsíù ni mo fi tọ̀tún sósì, tí mo fi tòsì sọ́tùn-ún. Nọ́ọ̀tì tó yẹ kó wà lókè wá bọ́ sísàlẹ̀, afẹ́fẹ́ sì rọra jókòó sókè, ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fọ́jọ́ méjì. Ojú tì mí débi pé mo wọ abẹ́ jíìpù lọ, n ò tètè jáde. Mo gbọ́ ẹ̀rín Ṣakírù látibẹ̀.

"Ṣakírù, jọ̀ọ́, má bínú," ni mo ní látabẹ́ mọ́tò.

"Ẹ fi ẹ̀bẹ̀ yẹn sọ́tùn-ún ná, ọ̀gá," ló fi dá mi lóhùn, "kó má lọ jẹ́ tòsì lẹ gbé wá."

Mo pààrọ̀ wọn. Kò tó wákàtí kan tí bíréèkì fi le gbagidi lábẹ́ ẹsẹ̀ màmá.

Ó wá ku ti Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti rédíò ná. Ọ̀gá Lámídì tó kọ́ mi níṣẹ́ ní òfin kan: bí o bá ti tún bíréèkì ṣe tán, nǹkan tí o fẹ́ràn ni kí o gbé síwájú mọ́tò náà kí wọ́n tó dán an wò. Rédíò kékeré aláwọ̀ pupa ni tiwọn. Wọn kì í jẹun láìtan án, síbẹ̀ wọ́n á gbé e sílẹ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á ní kí a máa wa mọ́tò bọ̀. Nígbà tí wọ́n ń kú lọ, èmi ni wọ́n fi rédíò náà sílẹ̀ fún. Látìgbà náà, mọ́tò kankan ò tíì fara kàn án.

Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ọ̀fàdá láti Mówè, ibẹ̀ la pàdé sí. Bọ̀dé ti mú ọkùnrin kan tó ń ra irin dání. Ọkùnrin yẹn ti ń fi ìka kan jíìpù kó-kó-kó bí ẹni tó ń yan ìbẹ́pẹ. Mo gbé rédíò sísàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà, mo gbọn eruku aṣọ mi nù, mo sì gun òkè padà lọ bá màmá nínú jíìpù.

Màmá yọ orí láti ojú fèrèsé. "Kí nìyẹn?"

Mo sọ òfin ọ̀gá mi fún wọn.

"Gbé e kúrò. Rédíò ò ní ẹsẹ̀, kò lè sá. Ìwọ tó ní ẹsẹ̀ ni kí o dúró síbẹ̀."

"Mọ́mì!" ni Bọ̀dé pariwo.

"Bọ̀dé, dákẹ́. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹ̀ dá a lójú."

Ẹ gbà mí. Mo ronú kan ọ̀tún, mo ronú kan òsì. Mo lọ gbé rédíò wá sẹ́yìn jíìpù lókè, níbi tí nǹkan kan ò ti ní ṣe é, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sísàlẹ̀, mo dúró. Jíìpù ń bọ̀. Ó ń yára. Mo rí ojú màmá lẹ́yìn gíláàsì, kò sẹ́rìn-ín níbẹ̀. Kálímà tí Mùsùlùmí ń kà nígbà ikú ló wà lẹ́nu mi. Wọ́n tẹ bíréèkì, jíìpù náà sì dúró gán-ún, apá méjèèjì dọ́gba, àyè tó kù láàárín wa kò ju kéèyàn na ọwọ́ lọ.

"O ò sá," ni màmá wí.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n ka Kálímà mi tán ná.

Wọ́n yí jíìpù padà, wọ́n tún gun òkè lọ síbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọjú ẹ̀ sísàlẹ̀ bíi tàkọ́kọ́, èmi náà sì tẹ̀ lé wọn. Ọkùnrin onírin wo Bọ̀dé, Bọ̀dé ò wò ó. Bọ̀dé wo jíìpù náà pẹ́, lẹ́yìn náà ló lọ ṣílẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ ìyá ẹ̀, ó wọlé, ó sì pa á dé.

"Mọ́mì, ẹ gbé mi délé."

Omi bọ́ lójú màmá, ẹ̀rín sì gbẹnu wọn. Wọn ò dúró gbé ẹnikẹ́ni míì. Wọ́n fi sí rífáàsì kí wọ́n lè fẹ̀yìn rìn yà sọ́nà, tayọ̀tayọ̀ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, mo sì gbọ́ nǹkan kan tó dún káà lábẹ́ táyà ẹ̀yìn.

Màmá yọ orí jáde, wọ́n wo ẹ̀yìn, wọ́n wá wò mí.

"Wàsíù, ṣebí iwájú lo ní rédíò ń wà."

Mo ti kó rédíò náà jọ, mo fi okùn dì í. Kò sọ̀rọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n òun ni mo ṣì ń gbé síwájú mọ́tò tí mo bá tún bíréèkì ẹ̀ ṣe. Àyàfi ti Mama Nọ́ọ̀sì. Bí tiwọn bá dé, èmi fúnra mi ni mò ń dúró níwájú, Ṣakírù á sì wà lẹ́yìn, á máa pariwo.